Ìrìn-àjò Ọdẹ́níran sí Igbó Ìdúró-Ò-Dọ́gba

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí àwọn tó ń jẹ iṣu sísun rọra máa jẹ ẹ́, kí ìró ẹnu wọn má baà bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ tí a ṣe lónìí ti tó, oòrùn ṣì wà lókè, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbé ọkọ́ mọ́. Ẹ ní kí n sọ ìtàn, ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yóò gbàgbé pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti yìnbọn pa ẹfọ̀n ní ọ̀sán gangan. Mo ti bá ẹkùn pàdé lẹ́bàá odò, tí mo bọ́ ṣòkòtò mi jù sí i nítorí pé kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹkùn náà kò padà wá títí dòní.

Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́níran ọmọ Ìdí Ọ̀mọ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, tí mo sì fi ojú ara mi rí àpá rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹun yó jù nínú yín, kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ìtàn yìí ń rùn.

Ọdẹ́níran ga, ó nàró ṣánṣán bí ọ̀pẹ. Kò sí ọdẹ tó mọ ìbọn yìn tó o ní gbogbo agbègbè yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: nǹkan tètè máa ń rí i lára. Ohun tó bá ń yọ̀, ohun tó bá ń rùn, ohun tó bá ń ro tótó, kò fẹ́ rí i. Bí ó bá pa ẹran, ẹlòmíràn ni yóò bá a tú ìfun rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fun imú nítòsí oúnjẹ, Ọdẹ́níran ti dìde nìyẹn, kò ní jẹun mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ni Àwẹ̀ró. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí dé góńgó. Nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Àwẹ̀ró, ẹ̀yìn ríro lásán ni wọ́n pè é. Kò pẹ́ tó fi di pé kò lè rìn láìfara ti ògiri. Nígbà tó ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń fi ọwọ́ àti eékún wọ́, títí ọjọ́ kan fi dé tí kò lè wọ́ mọ́. Ó sùn sórí ẹní gbalaja, kò lè yí ara rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dégbò. Egbò náà ń ṣe ọyún, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

Àbúrò Àwẹ̀ró obìnrin ló ń wẹ̀ fún un. Ọdẹ́níran a máa dúró sí ẹnu ọ̀nà, a ní, "Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire?" Kò ní wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí àbúrò lọ sí odò, ó fi tipátipá mú ara rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ gbígbóná. Ó bu ẹ̀kọ sí aya rẹ̀ lẹ́nu. Àwẹ̀ró húkọ́, ẹ̀kọ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jọ tú sí Ọdẹ́níran lọ́wọ́. Àwo bọ́, ó sá jáde. Ẹ̀yìn ilé ló ti bì bí ẹni tó mu májèlé. Nígbà tó yọjú padà láti ẹnu ọ̀nà, Àwẹ̀ró ti kọ ojú sí ògiri.

Ọ̀gá mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, ara òun gan-an ló ń rí òun lára.

Ìyẹn ló gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àyìnkẹ́, ìyá arúgbó tó ń já ewé tà ní Ìdí Ọ̀mọ̀.

"Ìyá, ẹ gbà mí. Ewé wo ló kù?"

"Ẹyọ kan ló kù tí n kò tíì lò fún un," Ìyá Àyìnkẹ́ dáhùn. "Anàró lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ti wó, òun ló ń mú un dìde. Ṣùgbọ́n Igbó Ìdúró-Ò-Dọ́gba ló wà, Ọdẹ́níran, ibẹ̀ kò sì yẹ ìwọ."

"Ẹranko wo ló wà níbẹ̀ tí ẹ rò pé n kò lè pa?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹranko? Mo ní ibẹ̀ dọ̀tí ni. Ibẹ̀ ń rùn."

Ọdẹ́níran fi ọwọ́ bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ, Akínṣọwọ́n, wọ inú igbó náà," ni ìyá arúgbó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọdún keje rèé, kò padà. Ọdẹ gidi ni, ó mọ orúkọ gbogbo igi. Ṣùgbọ́n àwọn iwin ibẹ̀ kì í bi ènìyàn ní orúkọ igi. Bí igi ṣe gbé ara rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Bí o bá sọ ọ́ bó ṣe rí, o kọjá. Bí o bá ṣì í sọ, wọ́n á gba ìdúró rẹ lọ́wọ́ rẹ, o ò ní lè dìde níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ kọ́ mi, Ìyá."

Ìyá Àyìnkẹ́ mú un lọ sí oko, ó sì fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ ọ. Ó na ọ̀pá sí ọ̀dùnkún.

"Báwo lèyí ṣe gbé ara rẹ̀?"

"Ó wà nílẹ̀."

Ìyá Àyìnkẹ́ fi ọ̀pá náà gbá a ní ojúgun. "Àgùntàn wà nílẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ náà wà nílẹ̀. Ṣé bákan náà ni wọ́n? Bẹ̀rẹ̀ kí o wò ó! Ọ̀dùnkún ń fà ni. Ibi tí oríkèé rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, á ta gbòǹgbò síbẹ̀, á tún gbéra, á máa lọ. Wo gbégi yìí ní tirẹ̀: ó fi ìdí jókòó, ó na ẹsẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Ó tẹ́ rẹrẹ, kò sì lọ síbì kankan. Wo èyí tó da àyà délẹ̀ tó gbé orí nìkan sókè. Ìyẹn dọ̀bálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wo ojú ọba."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro oko láti kékeré, ta ni nínú yín ló bẹ̀rẹ̀ wo gbégi rí? Ẹ ò kàn gbé ọkọ́ lé e lórí ni?

Ní ọjọ́ kejì ó kọ́ ọ ní àwọn tó ń gòkè. Ó fi iṣu hàn án, pé kò lọ́wọ́, nítorí náà gbogbo ara ló fi ń lọ́ mọ́ igi. Ó fi ẹ̀gúsí hàn án, pé òun ní ìka wẹ́wẹ́ tó ń nà, tó fi ń gbá nǹkan mú. Iyèré ní tirẹ̀ a máa dì mọ́ ara igi bí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ láìní igbà. Ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún kò lọ́, kò dì, ẹ̀gún ló fi ń kọ́ aládùúgbò rẹ̀ láṣọ.

"Àfòmọ́ ńkọ́?" Ọdẹ́níran bèèrè.

Ìyá Àyìnkẹ́ tutọ́ sílẹ̀. "Ìyẹn kì í gòkè. Òkè ni wọ́n bí i sí, kò mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ó jókòó lé ẹlòmíràn, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú ara rẹ̀, ó ń mu ún."

Ọjọ́ tó ń lọ, ìyá náà fi kún un pé: "Má fi ọwọ́ já Anàró. Bí ọwọ́ bá kàn án, yóò rọ. Eyín ni wọ́n fi ń já a."

N kò ní fi ìrìn dá yín lágara. Ó rìn, ó rìn, ó dé ibi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí iṣu tó ti jẹrà, tí omi dúdú ń sun láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń kan bí omi ẹ̀kọ ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹnu ọ̀nà Igbó Ìdúró-Ò-Dọ́gba nìyẹn. Iwin kan jókòó lórí òkìtì èso jíjẹrà níbẹ̀. Imú-Ò-Gbẹ lorúkọ rẹ̀, ó sì jẹ́ orúkọ náà tán: ikun ṣàn láti ihò imú rẹ̀ méjèèjì, ó gba ètè, ó gba irùngbọ̀n, ó dé àyà. Nínú ikun tó wà láyà rẹ̀ ni olú ti hù. Iwin náà ń já olú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́.

"Ọdẹ, káàbọ̀. Gba olú kan," ni Imú-Ò-Gbẹ wí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti jẹun," Ọdẹ́níran dáhùn, ó ń wo òkè.

"Ṣé mo rí ọ lára ni?"

"Rárá o, Bàbá. Inú mi kàn kún ni."

Iwin náà rẹ́rìn-ín, ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí màlúù ń yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó nawọ́ sí ohun tó wà lára igi arère kan. "Báwo lèyí ṣe gbé ara rẹ̀?"

Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Iyèré ni. "Ó dì mọ́ igi, Bàbá. Kò lọ́ mọ́ ọn."

Inú Imú-Ò-Gbẹ dùn. Bí inú rẹ̀ bá sì dùn, ó máa ń sín ni. Hàáṣìn! Ikun tutù bo Ọdẹ́níran láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó gbọ́wọ́ sókè láti nù ún.

"Má nù ún!" iwin náà jágbe. "Ẹni tó bá nu ẹ̀bùn mi nù, kò ní kọjá."

Ọ̀gá mi wí pé òun dúró síbẹ̀ tí òun di ojú, di ẹnu, di èémí, tí nǹkan náà ń yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú òun, tí òun sì ń ronú pé kí ẹfọ̀n kàn òun pa ì bá dára jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbé iṣu sílẹ̀ yẹn, ẹ gbé e, kò tíì burú.

"Ó ku ẹyọ kan," Imú-Ò-Gbẹ wí. "Wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ."

Ewéko kan wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ là wẹ́wẹ́ bí òòyà. Patanmọ́ ni. Èyí tí ẹ mọ̀, tó jẹ́ pé bí a bá fọwọ́ kàn án, á pa ara dé. Bí Ọdẹ́níran bá ní ó na ara, iwin náà lè fọwọ́ kàn án kó ká. Bí ó bá ní ó ká, ó na ara báyìí.

"Bàbá," ni Ọdẹ́níran wí láàárín ikun tó wà lẹ́nu rẹ̀, "ṣé bó ṣe wà báyìí ni, àbí bí yóò ṣe wà tí ẹ bá ti yọ ọ́ lẹ́nu tán?"

Imú-Ò-Gbẹ wò ó títí. "Àwọn tó ṣáájú rẹ kò bi mí bẹ́ẹ̀."

"Ó na ara nígbà tí ó wà lóun nìkan. Ó ká nígbà tí wọ́n dé bá a. Méjèèjì ni ìdúró rẹ̀."

Ẹ ò ní í béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó sín. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdẹ́níran kọjá.

Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló tẹ̀lé e, níbi tí àwọn tó ṣì í sọ wà. Ọkùnrin kan tẹ̀ kọdọrọ láti bèbè odò kan dé èkejì, ìjàlọ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí afárá. Obìnrin kan rọ̀ dirodiro lórí ẹ̀ka, itọ́ ẹnu rẹ̀ ń kán sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ọkùnrin mìíràn dùbúlẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà, ìgbín ń wọ́ kọjá lójú rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i.

"Ẹ kú ìrìn o, ọdẹ."

"Ẹ kú ìjókòó... ẹ kú ìdùbúlẹ̀, Bàbá. Kí lẹ sọ tí wọ́n fi ṣe yín báyìí?"

"Ọ̀dùnkún ni. Mo ní ó sùn. Kò sùn, ó ń lọ ni." Omijé jáde lójú ọkùnrin náà. "Jọ̀wọ́, ìdin kan wà ní etí mi ọ̀tún. Bá mi mú un kúrò."

Ọdẹ́níran tẹ̀ ba. Ó rí ìdin náà, funfun, sísanra, ó ń gbọ̀n ìdí. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó ṣẹ́ igi tínrín kan, ó sì fi igi náà wá a títí tó fi jáde, ó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó dúpẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n fún un ní ilé. Ọpẹ́ yẹn wọ Ọdẹ́níran lára ju ẹ̀gún lọ, nítorí ó mọ̀ pé ọkùnrin náà rí igi tín-ń-rín tí òun fi ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ó dé ìlú kan tí kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níbẹ̀. Àwọn ará ìlú náà wà lórí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tó ń rákò, wọ́n sì ti ẹsẹ̀ wọn bọ inú ẹran èjìká àwọn tó gbé wọn. Ibi tí ẹsẹ̀ wọlé wú, ó pupa, omi ń jáde níbẹ̀, eṣinṣin sì ń ná ọjà lórí rẹ̀. Àwọn tó wà lókè sanra, ara wọn ń dán bí ìṣáwùrú tí wọ́n yọ nínú karawun. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Wọ́n mú Ọdẹ́níran lọ síwájú ọba wọn.

Onífòmọ́ ni wọ́n ń pe ọba náà. Ikùn rẹ̀ tóbi, ó sì mọ́ gaara tó fi jẹ́ pé ènìyàn ń rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yí po nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wà lórí ọwọ́ àti eékún, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ọyún àti èéhù. Lábẹ́ abíyá ọkùnrin náà, láti inú egbò, ewéko kékeré kan hù, ó ní ewé mẹ́ta, ó sì nàró ṣánṣán.

Ọkùnrin ìsàlẹ̀ náà gbé ojú sókè díẹ̀. Ọdẹ́níran rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọdẹ́níran," ni ọkùnrin náà wí, "Àwẹ̀ró ńkọ́?"

Akínṣọwọ́n ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọdẹ́níran wí.

"Ẹ kí ara yín tán?" Onífòmọ́ bèèrè. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni nǹkan ń ho ní igun ẹnu rẹ̀. "Mo mọ ohun tí o wá ṣe. Anàró kì í hù níbòmíràn, àfi ara ẹni tí mo bá jókòó lé tí kò gbà fún mi. Sọ fún mi bí ohun tí mo jókòó lé yìí ṣe gbé ara rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ bó ṣe rí, máa mú ewé rẹ lọ. Bí o bá ṣì í, ọmọ mi kan ti ń wá ẹ̀yìn tó gbòòrò."

Wọ́n gbé ọmọ náà wá. Ó kéré bí ológbò, kò nírun, ó ń yọ̀, kò sì tíì ní ojú. Ó na ọrùn, ó ń gbóòórùn ẹ̀yìn Ọdẹ́níran, ó sì ń fi ẹnu pọ́n afẹ́fẹ́ lá.

"Ọdẹ méje ló ti dáhùn," ọba wí. "Gbogbo wọn ló ní ó tẹ̀. Wọ́n wà lábẹ́ àwọn ìjòyè mi níbí."

Ọdẹ́níran wo Akínṣọwọ́n. Ẹ̀yìn náà tẹ̀ lóòótọ́. Ojú kò rí ohun mìíràn. Ó ku kí ó fọwọ́ kàn án. Ó wo ọyún náà, ó wo èéhù náà, ó wo eṣinṣin. Èébì gbé e dé ọ̀nà ọ̀fun, ó gbé e mì. Ó rántí igi tín-ń-rín tó fi yọ ìdin. Ó di ojú, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ẹ̀yìn àna rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rì dé ọrùn ọwọ́. Ó gbóná, ó ń yọ̀, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, lábẹ́ gbogbo ìdọ̀tí yẹn, ó rí eegun ẹ̀yìn, ó sì gbọ́ ohun tí eegun náà ń ṣe. Ó ń ti òkè. Ó ń gbọ̀n bí okùn ọrun tí wọ́n fà le, ó ń ti òkè láìsinmi.

Ọdẹ́níran la ojú.

"Kò tẹ̀," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin yìí ń nàró. Láti ọdún méje tẹ́ ẹ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ìnàró ló ń ṣe."

Akínṣọwọ́n kígbe kan, ẹsẹ̀ ọba sì yọ kúrò lára rẹ̀, fọ̀ọ̀, gígùn, funfun, ó ń ro tótó bí gbòǹgbò tí wọ́n fà nínú àbàtà. Onífòmọ́ ṣubú. Kò mọ bí ilẹ̀ ṣe rí, ilẹ̀ náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ikùn rẹ̀ bẹ́. Òórùn tó jáde níbẹ̀, n kò ní sọ ọ́, nítorí àwọn aboyún wà láàárín wa. Ọmọ rẹ̀ fò mọ́ Ọdẹ́níran lọ́rùn, ó ti ìka ẹsẹ̀ kan bọ ara rẹ̀. Ọdẹ́níran fi ọwọ́ fà á tu, ó sì là á mọ́lẹ̀. Àpá rẹ̀ tí mo sọ pé mo rí nìyẹn, ó wà lábẹ́ etí òsì, ó jìn tó fi lè gba ìka kan.

Àwọn ará ìlú ń ṣubú kúrò lẹ́yìn àwọn tó gbé wọn, wọ́n ń jà pàtìpàtì nínú ẹrẹ̀ bí ẹja. Ọdẹ́níran kò dúró wò wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó ti ojú bọ abíyá tí kò rí omi fún ọdún méje, ó sì fi eyín já Anàró tìdítìdí, ó jẹ́ kí ó bọ́ láti ẹnu rẹ̀ sínú àpò ọdẹ. Ó ní bí òun bá sọ bó ṣe rí lẹ́nu òun, n kò ní jẹun lọ́dọ̀ òun mọ́. Mo ní kí ó má sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde ká lọ."

Akínṣọwọ́n gbìyànjú. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà. Eegun tó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méje ti gán. "Kò ní ṣeé ṣe. Mú ewé lọ fún àbúrò mi. Fi mí sílẹ̀."

"Kí ni kí n wá sọ fún un?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n. Ọyún ń ṣàn gba ọrùn rẹ̀ wọ inú dàńṣíkí. Ó ń rìn, ó ń bì, ó ń rìn. Bí wọ́n ti ń gòkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n rí i pé ara ti ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin ọ̀dùnkún náà ti yí dojú bolẹ̀, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ fà lọ sí apá ilé. N kò mọ̀ bóyá ó ti dé. Nígbà tí wọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà, Imú-Ò-Gbẹ gbóòórùn wọn, ó di imú, ó sì sá wọ igbó. Ẹ̀yin náà ẹ wo nǹkan!

Nílé, Ìyá Àyìnkẹ́ lọ ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gbé àwo sókè, ó wo inú rẹ̀, ó sì wo àwọn aláìsàn méjèèjì tó wà lórí ẹní.

"Ẹnì kan ni yóò tó."

"Ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi," Àwẹ̀ró wí.

Akínṣọwọ́n pa eyín dé, ó mi orí. Nígbà tí wọ́n gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀. "Àwẹ̀ró, bí o kò bá mu ún, a jẹ́ pé lásán ni ewé yẹn hù lára mi. Mu ún."

Àwẹ̀ró mu ún, ó ń sunkún. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó di òpó mú, ó dìde, ó sì dúró láàárín yàrá láìfara ti nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò kígbe ayọ̀. Ọdẹ́níran wà ní ẹnu ọ̀nà. Àwẹ̀ró wò ó.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ewu," ó wí. "Nígbà tí mo wà nílẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé ẹ fẹ́ràn mi. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ń jẹrà, mo sì ń dúró kí ẹ wá yí mi sí ẹ̀gbẹ́."

Àwẹ̀ró rọra rìn lọ bu omi gbígbóná, ó mú ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn, ó ń lọ sí ìdí ẹní ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà sílẹ̀. Ọdẹ́níran kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ó gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Akínṣọwọ́n gbé ọdún mẹ́ta sí i láyé. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà mọ́, egbò rẹ̀ kò sì jinná tán. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Ọdẹ́níran ń wẹ̀ ẹ́. Mo ti ń bá a ṣọdẹ nígbà náà, mo sì fi ojú mi rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nǹkan kò rí i lára mọ́ o. Bí ó bá ti wẹ ẹ̀yìn náà dé ìdajì, ojú rẹ̀ á yí padà, á rọra gbé kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀." Á lọ sí ẹ̀yìn ilé. A ó máa gbọ́ ọ níbẹ̀, tí yóò máa bì. Akínṣọwọ́n á dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà Ọdẹ́níran á fi omi fọ ẹnu, á padà wọlé, á sì máa wẹ̀ ẹ́ lọ láti ibi tó dé.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn. Ẹni tó bá ní omi, kó bù fún mi mu.